Walter Oudney: Dókítà Tó Ṣa Ewé Aṣálẹ̀ Jọ

Bí òjò bá rọ̀ tán ní Raji Rasaki Estate, koríko á bo ẹ̀bá gọ́tà. Ta ni yóò sọ irú èyí tó ń hù níbẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sílẹ̀? Ọkùnrin tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí kú sẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1790 ni wọ́n bí Walter Oudney ní Scotland. Ó kọ́kọ́ ń tọ́jú aláìsàn nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ló gboyè dókítà ní Edinburgh lọ́dún 1817. Ìmọ̀ ewé àti egbò sì jẹ ẹ́ lógún púpọ̀.

Lọ́dún 1822, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán òun, Hugh Clapperton àti Dixon Denham láti Tripoli lọ sí Borno. Ọ̀nà àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ni wọ́n tọ̀, lórí ràkúnmí, láti kànga dé kànga. Ara Oudney kò le, síbẹ̀ ó ń já ewé àti òdòdó lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń tẹ̀ wọ́n sáàárín bébà kí wọ́n lè gbẹ.

Ní oṣù kejì ọdún 1823, wọ́n fojú kan adágún Chad. Ṣéù Muhammad al-Amin al-Kanemi sì gbà wọ́n lálejò ní Kúkà. Nígbà tó di oṣù Disẹ́ńbà, Oudney àti Clapperton bá àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Kánò rìn. Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1824, ó kú ní Murmur, nítòsí Katagum tó wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi lónìí. Clapperton sin ín síbẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú dé ọ̀dọ̀ Sultan Muhammad Bello ní Sókótó.

Àwọn ewé gbígbẹ náà dé Lọ́ndọ̀nù. Robert Brown, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ewéko, yẹ̀ wọ́n wò. Ó rí bí oríṣi 300, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1826. Ó sọ ọ̀kan nínú àwọn ewéko aṣálẹ̀ náà, ìbátan kábéèjì, ní Oudneya, kí orúkọ olóògbé má bàa parun.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Ewé gbígbẹ tí kò ní orúkọ ibi tó ti wá kò yàtọ̀ sí pàǹtí. Èyí tó ní orúkọ ibi àti déètì, ẹlẹ́rìí ni. Bí onímọ̀ bá fẹ́ mọ ibi tí ewéko kan tàn dé, irú bébà bẹ́ẹ̀ ni yóò kó jọ, tí yóò sì fi àmì sí orí máàpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Á tún lè mọ̀ bóyá ewéko náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra o: ibi tí àmì kò sí lórí máàpù, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì débẹ̀ já ewé ni.

Àwa náà ní tiwa. Ilé àkójọ ewéko tó wà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ igbó ìjọba ní Ìbàdàn ní ewé gbígbẹ tó lé ní 100,000. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú wa kò nílò ràkúnmí. Ìwé ìròyìn àtijọ́ la ó fi tẹ ewé, báírò la ó sì fi kọ orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ tí a já a.