Arthur Holmes àti Ooru Inú Ilẹ̀

Ẹni tó bá wọ kòtò jíjìn tí àwọn awakùsà gbẹ́ yóò rí i pé bí òun ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí i ni ooru ń pọ̀ sí i. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Ohun tó ṣòro ni láti mọ ibi tí ooru náà ti ń wá, àti ìdí tí kò fi tíì tán. Arthur Holmes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí.

Ọdún 1890 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Gateshead, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀. Iṣẹ́ igi ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọpọlọ ọmọ náà jí pépé, ó sì gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1907.

Ọdún yẹn gan-an ni Kelvin, àgbà onímọ̀, kú. Kelvin ti kọ́ni pé ayé dà bí irin tí alágbẹ̀dẹ yọ nínú iná, tó ń tutù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí irin ṣe ń tutù lè wo ooru tó kù lára rẹ̀, kí ó sì ṣírò ìgbà tó ti kúrò nínú iná. Nípa ìṣirò yìí, Kelvin ní ọjọ́ orí ayé wà láàárín 20 àti 40 mílíọ̀nù ọdún. Àwọn tó ń yẹ òkúta wò gbà pé èyí kéré jù, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìṣirò tí wọn yóò fi dá a lóhùn.

Ìdáhùn wá láti ìlú Párì. Ní 1896, Henri Becquerel ṣàwárí pé yuréníọ̀mù, irú irin kan tó wúwo, ń tan ìtànṣán tí ojú kò rí. Ní 1903, Pierre Curie àti Albert Laborde fi hàn pé rédíọ̀mù ń mú ooru jáde láìdáwọ́ dúró. Robert Strutt, olùkọ́ Holmes, sì rí rédíọ̀mù nínú òkúta lásán. Ayé kì í ṣe irin tó ń tutù nìkan. Ó ní ààrò tirẹ̀ nínú.

Holmes tún rí ohun mìíràn níbẹ̀. Yuréníọ̀mù náà ń yí padà di òjé, ó ń lọ́ra púpọ̀, kò sì sí ohun tó ń mú un yára. Ẹni tó bá wọn òjé àti yuréníọ̀mù inú òkúta kan lè mọ iye ọdún tí òkúta náà ti wà. Holmes kò tíì pé ọmọ ọdún 22 nígbà tó wọn òkúta kan láti Nọ́wè, tó sì rí 370 mílíọ̀nù ọdún.

Ìmọ̀ yìí kò bọ́ ọ. Ní 1911 ó gba iṣẹ́ ìwákùsà lọ sí Mòsáńbíìkì. Ibà dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé pé ó ti kú. Kò kú. Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1913 lórí ọjọ́ orí ayé, níbi tó ti fi hàn pé àwọn òkúta kan ti tó nǹkan bí 1600 mílíọ̀nù ọdún.

Ní 1920, àìlówó tún gbé e lọ sí Bọ́mà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré, láti wá epo rọ̀bì fún ilé iṣẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ náà wó. Ìgbẹ́ ọ̀rìn pa ọmọ náà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Tọkọtaya náà padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Ọkùnrin tó mọ ọjọ́ orí òkúta kò rí iṣẹ́ olùkọ́, ó ń ta ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọdún 1924 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga Durham tó gbà á.

Durham ló wà nígbà tó mú èrò rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ jáde. Alfred Wegener ti Jámánì ti sọ láti 1912 pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ilẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yapa. Ẹni tó bá wo àwòrán ayé yóò rí i bí èjìká Bùràsíìlì ṣe bá igun etíkun Áfíríkà mu, níbi tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù wà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gba Wegener gbọ́, nítorí kò lè sọ agbára wo ló ń ti ilẹ̀.

Holmes ní ooru ni. Nínú ìkòkò tó wà lórí iná, omi ìsàlẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á sì gòkè. Ti òkè tó tutù á wúwo, á sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bá léfòó lójú omi á máa bá ìyípo náà lọ. Holmes rò pé òkúta inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, bó tilẹ̀ le, ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ooru, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra débi pé sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ni ilẹ̀ ń sún lọ́dún kan. Níbi tí òkúta gbígbóná bá ti gòkè, ilẹ̀ á ya, òkun tuntun á sì là. Ó sọ èyí ní Glasgow ní òpin 1927, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1931. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé àbá lásán ni, títí ẹ̀rí yóò fi dé. Àwọn díẹ̀ ló kà á sí.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh ní 1943. Ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tó fi ọ̀rọ̀ ìṣípòpadà ilẹ̀ parí, di èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà káàkiri ayé. Ní 1956, Clair Patterson ará Amẹ́ríkà tún fi òjé wọn ọjọ́ orí ayé, ó sì rí 4550 mílíọ̀nù ọdún.

Lẹ́yìn 1960, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń wọn ìsàlẹ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀rí wálé pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń ya lóòótọ́, òkúta tuntun sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Holmes ti darúgbó nígbà náà, ṣùgbọ́n ó jókòó tún ìwé rẹ̀ kọ. Àtúntẹ̀ náà jáde ní 1965. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹni ọdún 75.