WALTER CAMP, AṢÒFIN BỌ́Ọ̀LÙ AMẸ́RÍKÀ

Ìlú tí kò bá ní òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni eré tí kò bá ní òfin, ìjà ni yóò dà. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí lo ohun tí ó lé ní ogójì ọdún láti fi òfin tún eré kan ṣe. Walter Camp ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1859 ni a bí i ní ìlú New Britain, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1876 ó wọ Yunifásítì Yale ní ìlú New Haven, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé bọ́ọ̀lù tí àwa ń fi ẹsẹ̀ gbá ni à ń wí. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹni tí ó bá sì gbé e ni àwọn alátakò ń rọ́ lù. Ní ìgbà náà, àwọn eléré a kó ara wọn jọ gìrọ́gìrọ́, wọn a máa fi ẹsẹ̀ wá bọ́ọ̀lù láàárín agbo, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ẹni tí ó ni ín. Ìdájọ́ pàápàá ṣòro. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a mú adájọ́ tirẹ̀ wá sí pápá, rẹfirí a sì wà láàárín wọn. Kò pẹ́ tí àwọn adájọ́ wọ̀nyí fi di alágbàwí, tí olúkúlùkù ń gbèjà àwọn ènìyàn rẹ̀, títí a fi pa àṣà náà tì.

Ní ọdún 1880, àwọn aṣojú yunifásítì mélòó kan pàdé ní ìlú Springfield. Camp, tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún, dá àbá pé kí eléré mọ́kànlá máa wà ní ẹgbẹ́ kan dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti pé kí bọ́ọ̀lù jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba àbá náà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kan lè di bọ́ọ̀lù mú. Ní ọdún 1881, Princeton di í mú ní ìdajì eré, Yale náà di í mú ní ìdajì kejì, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ góòlù. Eré náà sú àwọn òǹwòran. Nítorí náà, ní ọdún 1882, Camp mú òfin mìíràn wá: ẹgbẹ́ tí ó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò lè sún síwájú ní yáàdì márùn-ún yóò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì. A fa ìlà sí pápá, kí rẹfirí lè fi ojú ara rẹ̀ rí òtítọ́.

Ilé-iṣẹ́ aago ní New Haven ni Camp ti ń jẹun, ó sì di olórí ibẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ó ń kọ́ àwọn eléré Yale, ìyàwó rẹ̀, Alice, a máa lọ wo ìdánrawò wọn ní ọ̀sán, a sì ròyìn rẹ̀ fún un ní alẹ́. Láti ọdún 1889 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ àwọn mọ́kànlá tí ó dára jù lọ ní Amẹ́ríkà jáde; Camp sì ni ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà jù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí ní ọdún kìíní, Harvard, Princeton àti Yale nìkan ni gbogbo wọn ti wá. Ní ọdún 1892 àti 1893, William Henry Lewis, ọmọ àwọn tí ó ti ṣe ẹrú rí, wà lára wọn. Òun ni aláwọ̀ dúdú kìíní tí ó dé ipò náà.

Ṣùgbọ́n òfin tí ó mú ètò wá mú ewu wá pẹ̀lú. Nítorí pé yáàdì márùn-ún kò jìnnà, àwọn eléré a so ọwọ́ pọ̀, wọn a sì ya lu ẹnìkan ṣoṣo bí ọmọ-ogun. Ní ọdún 1905, àwọn ìwé ìròyìn ka ọ̀dọ́ bíi 18 tí eré yìí pa. Ààrẹ Theodore Roosevelt ránṣẹ́ pe àwọn aṣáájú Harvard, Yale àti Princeton. Camp wà níbẹ̀. Yunifásítì Columbia tilẹ̀ fi eré náà sílẹ̀. Camp fẹ́ kí yáàdì márùn-ún di mẹ́wàá. Àwọn mìíràn ń fẹ́ kí a lè ju bọ́ọ̀lù síwájú, èyí tí kò tẹ́ Camp lọ́rùn. Ní ọdún 1906, a sọ méjèèjì di òfin. Bọ́ọ̀lù jíjù tí Camp kò fẹ́ ni ó wá di ẹwà eré náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Camp kò bínú kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ó ń bá wọn jókòó títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1925, nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin náà ń pàdé ní New York, a retí rẹ̀ títí, a kò rí i. Ó ti kú sórí ibùsùn rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ní ayé Camp, kò sí ìdíje àṣekágbá kan tí gbogbo yunifásítì gbà láti fi mọ ẹgbẹ́ tí ó ju gbogbo ẹgbẹ́ lọ. Ní ọdún 2014 ni a dá ìdíje ẹgbẹ́ mẹ́rin sílẹ̀; ní ọdún 2024 ó di ti ẹgbẹ́ méjìlá. Síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ eré náà ń jiyàn lórí ìdájọ́ rẹfirí, lórí ẹni tí ó yẹ kí ó bá ẹnìkejì pàdé, àti lórí ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n pàdé. Òfin kò lè pa àríyànjiyàn run. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó má jẹ́ kí àríyànjiyàn di ìjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ èyí lára Camp: ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òfin fún ènìyàn gbọ́dọ̀ múra láti rí i kí a tún òfin rẹ̀ ṣe lójú rẹ̀.