Mary Slessor àti Àwọn Tí Ó Bọ́

Ẹ̀yin ọmọ, bí ìyàwó ilé kan bá bí ìbejì ní àdúgbò yín, kí ni ẹ máa ń rí? Gbogbo ará ilé a máa yọ̀. Wọn a se ẹ̀wà, wọn a bu epo sí i, wọn a sì pe àwọn ọmọdé kí wọ́n wá jẹ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ti jẹ nínú irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ rí.

Ní agbègbè Kàlàbá, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1880. Ẹ̀rù ìbejì ń ba àwọn ènìyàn ibẹ̀ gidigidi. Wọ́n gbà pé ohun burúkú ni ó wọ inú ilé tí a bí wọn sí. Nítorí náà, wọn a pa àwọn ọmọ náà, tàbí kí wọ́n kó wọn sínú ìkòkò kí wọ́n sì lọ sọ wọ́n nù sínú igbó. Wọn a fọ́ ìkòkò ìdáná ìyá wọn, wọn a sì lé òun náà lọ sínú igbó. Kò gbọdọ̀ pọn omi níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pọn ọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a jẹun mọ́.

Ẹ ti gbọ́ pé Mary Slessor bá àṣà yìí jà. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ibi ìdáná rẹ̀ ni ó ti ja púpọ̀ nínú ìjà náà. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

A bí Mary Slessor ní ọjọ́ kejì oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1848 ní ìlú Aberdeen, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Bàtà ni baba rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀mùtí paraku ni. Ní ọdún 1859, wọ́n kó lọ sí ìlú Dundee. Nígbà tí Mary di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Yóò ṣiṣẹ́ fún ìlàjì ọjọ́, yóò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ìlàjì tí ó kù. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, iṣẹ́ gba gbogbo ọjọ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní alẹ́ Sátidé, ọtí ni baba rẹ̀ máa ń fi owó rẹ̀ mu. Mary àti ìyá rẹ̀ a máa fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè fi oúnjẹ díẹ̀ tí ó dára pamọ́ dè é. Bí ó bá wọlé tòun ti ọtí lójú, ó lè gbé oúnjẹ náà kí ó sì dà á sínú iná. Ọmọ tí ebi ń pa yóò dúró, yóò sì máa wo oúnjẹ bí ó ti ń jóná. Mo rò pé ẹni tí ó bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní kékeré kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wo àwo oúnjẹ láé.

Mary fẹ́ràn iṣẹ́ ìjọ. Nígbà tí ìròyìn ikú David Livingstone, míṣọ́nnárì tí ó rin ilẹ̀ Áfíríkà já, dé etí rẹ̀ ní ọdún 1874, ó pinnu pé òun náà yóò lọ. Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1876, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool, ó sì gúnlẹ̀ sí Kàlàbá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ó kọ́ èdè Ẹ́fíìkì títí tí ó fi ń sọ ọ́ bí ọmọ onílẹ̀.

Ní ọdún 1880, wọ́n fi í sí Old Town. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí àwọn ará ìlú ń jẹ: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọbẹ̀ ata tí a fi epo pupa sè. Kì í ṣe ìfẹ́ àṣà nìkan ni ó fà á o. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Skọ́tílándì sì ń retí nínú rẹ̀. Bí kò bá ra oúnjẹ òyìnbó, owó yóò ṣẹ́ kù tí yóò fi ránṣẹ́ sílé. Tíì nìkan ni kò lè fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń bá wọn jẹ iṣu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sún mọ́ ọn.

Ní Old Town yìí ni ó ti gba ìbejì kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ó bani nínú jẹ́ pé àwọn ẹbí rí ọ̀nà gbé ọkùnrin náà, wọ́n sì pa á. Mary di obìnrin mú. Ó sọ ọ́ ní Janie, orúkọ àbúrò rẹ̀, ó sì gbé e dání lọ sí Skọ́tílándì ní ọdún 1883. Ẹ má gbàgbé Janie, a ó tún padà bá a.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1888, Mary kó lọ sí ilẹ̀ Okoyong, níbi tí àwọn ará Kàlàbá fúnra wọn ń bẹ̀rù láti lọ. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Ọba Eyo ti Creek Town ni ó yá a ní ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ márùn-ún ni ó kó dání. Èyí tí ó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, èyí tí ó kéré jù sì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó ku nǹkan bí máìlì mẹ́rin tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó kìjikìji kí wọ́n tó dé abúlé Ekenge. Òjò pa àwọn ọmọ náà, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń sunkún. Oúnjẹ àti aṣọ gbígbẹ wà nínú ẹrù, ẹrù sì wà lẹ́yìn.

Ekenge dá páropáro nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ti lọ síbi òkú ní abúlé kejì. Mary wá iná, ó gbé omi kaná, ó sì ń retí oúnjẹ. Dípò oúnjẹ, ìròyìn ni ó dé: ó ti rẹ àwọn aláàárù, wọn kò ní ru ẹrù kankan lóru náà.

Kí ni ìwọ ì bá ṣe? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pàápàá inú ọmọdé. Mary fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lẹ́bàá iná, ó sì bọ́ sínú òkùnkùn. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ti gbà á. Ó rìn padà dé etí odò, ó bá àwọn aláàárù tí wọ́n ti sùn, ó jí wọn, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì bá wọn wí títí wọ́n fi dìde. Ilẹ̀ kò ì tíì mọ́ tí ẹrù fi dé Ekenge.

Edem ni olórí Ekenge. Ní àgbàlá rẹ̀ ni Mary kọ́kọ́ ń gbé kí ó tó kọ́ ilé tirẹ̀. Amọ̀ ni ó fi mọ ààrò ilé náà, amọ̀ ni ó fi mọ pẹpẹ tí ó ń to àwo sí, amọ̀ náà ni ó fi mọ àga gbọọrọ tí àlejò ń jókòó sí.

Ọtí òyìnbó àti ìbọn ni àwọn ará Okoyong máa ń rà jù nígbà náà, ìjà kò sì tán láàárín wọn. Mary rò pé bí wọ́n bá ń ta iṣu àti epo, wọn kò ní ráyè jà. Ó bá Ọba Eyo sọ ọ́, ọba sì ní kí àwọn ìjòyè wá kí òun. Wọ́n di iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo sínú ọkọ̀. Ẹrù pọ̀ jù, ọkọ̀ dojú dé! Wọ́n di òmíràn. Ìgbà yìí ni Mary rí i pé idà àti ìbọn wà lábẹ́ iṣu. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba Eyo gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, òwò epo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìbejì ni ó le jù. Ẹrú kan tí ń jẹ́ Iye bí ìbejì. Wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀, wọ́n ba nǹkan ilé rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì lé e jáde. Mary pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó sì mú òun àti àwọn ọmọ náà lọ sí ilé rẹ̀. Àwọn ará abúlé kọ̀ láti gba ọ̀nà tí ìyá ìbejì gbà. Ọ̀nà tuntun ni wọ́n là nínú igbó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kú. Èkejì yè, orúkọ rẹ̀ ni Susie. Mílíìkì inú agolo ni Mary fi ń bọ́ irú àwọn ọmọ báyìí. Ó fi aṣọ so wọ́n rọ̀ bí ibùsùn àfiṣẹ̀ǹgì, ó so okùn mọ́ ọn, kí ó lè máa fà á láti orí ibùsùn tirẹ̀ bí wọ́n bá sunkún lóru.

Susie kò dàgbà. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́rìnlá, tí Mary kò sí nílé, ó fa ohun èlò tí omi gbígbóná wà nínú rẹ̀ lé ara rẹ̀ lórí. Mary gbé e, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lóru lọ bá dókítà ní Creek Town. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí Janie. Baba tí ó bí i wá sí Okoyong ní ọjọ́ kan. Ẹ̀rù bà á láti wo ọmọ rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò fọwọ́ kàn án. Mary di apá ọkùnrin náà mú, ó sì fi ipá gbé e lé ọmọ náà lára. Wọ́n dúró. Ohun búburú kankan kò ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, baba bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ọmọ rẹ̀, oúnjẹ ni ó sì ń gbé bọ̀ fún un. Lójú tèmi, àwo oúnjẹ tí bàbá yìí gbé wá ju ọ̀pọ̀ òfin lọ.

Ìjọba fi Mary ṣe aṣojú ní ọdún 1892, ó sì ń dá ẹjọ́ fún àwọn ará ìlú. N kò ní dúró pẹ́ lórí ìyẹn. Láti ọdún 1904, ó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè Itu, ó sì wá ilẹ̀ sí Use, níbi tí àwọn ìyá ìbejì àti àwọn obìnrin tí wọn kò ní alábàárò lè máa dáko kí wọ́n sì bọ́ ara wọn.

Use ni ó kú sí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Jánúárì ọdún 1915. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba orí odò lọ sí Kàlàbá, níbẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn ọmọbìnrin tí ó tọ́ dúró ti ibùsùn rẹ̀ ní òru ìkẹyìn náà. Janie wà láàárín wọn.