ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N LÁTÚNDÉ ODEKU, ONÍṢẸ́ ABẸ ỌPỌLỌ

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ orúkọ àwọn tó jà fún òmìnira Nàìjíríà. Àwọn tó mọ orúkọ ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kò pọ̀. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku.

Ọdún 1927 ni wọ́n bí i ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ó kàwé ní Methodist Boys' High School ní Èkó, kí ó tó kọjá sí Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1950, ó sì di dókítà ní 1954. Síbẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Michigan, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́dọ̀ Edgar Kahn. Ní 1961 ó gba ìwé ẹ̀rí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti Amẹ́ríkà.

Kí ló mú kí iṣẹ́ yìí le tó bẹ́ẹ̀? Ọpọlọ kò dà bí ẹran apá tàbí ti itan. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn ló wà nínú rẹ̀. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó fi ń gba ìròyìn, ó sì ní okùn tín-ín-rín tó fi ń fi í ránṣẹ́. Ọ̀rá ló bo púpọ̀ nínú àwọn okùn náà, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná, kí ìròyìn lè yára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tó ń bọ́ wọn tó sì ń ṣọ́ wọn. Láti ọpọlọ, mùdùnmúdùn gba inú eegun ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀, iṣan méjì-méjì lọ́nà 31 sì yà lára rẹ̀ sí gbogbo ara. Bí ọmọ bá fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, mùdùnmúdùn yìí ti pàṣẹ kí ọwọ́ kúrò kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ó gbóná.

Egbò ara a máa san, eegun tó ṣẹ́ a sì máa so. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó bá kú, ó ṣòro kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dà sínú agbárí, kò ríbi gbà, ọpọlọ ni yóò máa tẹ̀.

Ní 1962, Odeku padà wálé. Ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà. Ní 1971, òun àti Adelola Adeloye kọ̀wé nípa kókó tí ń wú sí àwùjẹ̀ ọmọdé. Wọ́n fi hàn pé kókó náà kì í wọ inú ọpọlọ, àti pé abẹ lè mú un kúrò. Ìtura ńlá nìyí fún ìyá tó ti ń bẹ̀rù pé ọmọ òun ti bọ́. Odeku tún jẹ́ akéwì; ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1964.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ló dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1974. Ọmọ ọdún 47 péré ni. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkówèésí ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn yìí kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà láti Ìkòtún lọ sí Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgándò, kí ó dé akoto. Bí ẹnìkan bá forí gbá ilẹ̀, tí ó ń bì tàbí tí oorun ń kùn ún lódì, ẹ má ṣe máa da omi sí i lórí kí ẹ sọ pé yóò jí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní títọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, ènìyàn yóò tẹ ìṣó kò sì ní mọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, láti Awẹ́ ni Odeku ti dìde. Ẹ tẹpá mọ́ṣẹ́ yín.