Robert Feulgen, ẹni tó rẹ DNA láró
Werden ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí Robert Feulgen lọ́dún 1884. Ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú ẹranko nìkan ni DNA, ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, wà. Lọ́dún 1924, ní Giessen, òun àti Rossenbeck rí aró pupa kan tó ń mú DNA. Wọ́n fi rẹ tẹranko tewéko, méjèèjì sì pọ́n! Bí DNA bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pọ́n tó. Ẹni tó ti rẹ aṣọ rí yóò mọ ohun tí à ń wí. Lójú tiwa, ibí ni iṣẹ́ náà ti gbayì jù: aró di òṣùwọ̀n. Feulgen kú lọ́dún 1955. Àwọn dókítà ń fi aró rẹ̀ wọn DNA inú kókó ara: ti jẹjẹrẹ sábà máa ń ju ti ara líle lọ.