Nana Asma'u, Olùkọ́ Elédè Mẹ́ta ní Sókótó

Ní ọdún 1793 ni a bí Nana Asma'u ní Degel, òun àti Hassan, èkejì rẹ̀. Ṣéù Usman dan Fodio ni baba wọn. Ilé àwọn onímọ̀ ni ó dàgbà sí, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti ń kàwé. Ọmọdé ni nígbà tí ogun jìhádì bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Ní 1809, Muhammad Bello, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tẹ ìlú Sókótó dó. Gidado, Wàsírí Bello, ni ọkọ Asma'u.

Ogun rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Èdè Fúlàní ni ìdílé Ṣéù ń sọ nínú ilé, èdè Lárúbáwá sì ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ ìwé. Hausa ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú gbọ́, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin tí ogun kó wá. Bí ẹ̀kọ́ kò bá kọjá èdè méjì àkọ́kọ́, àwọn wọ̀nyí yóò máa gbé lábẹ́ òfin tí kò yé wọn.

Asma'u kò dúró kí wọ́n kọ́ èdè tirẹ̀. Ó ń fi Lárúbáwá kọ̀wé sí àwọn onímọ̀, ó ń fi èdè Fúlàní bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń fi Hausa kọ ewì fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ewì rẹ̀ lórí orúkọ àwọn súrà inú Àlùkùránì wà ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù lé ní 60.

Nítorí pé gbogbo obìnrin kò lè wá sí Sókótó, ó dá ẹgbẹ́ 'Yan Taru sílẹ̀. Àwọn aṣáájú tí à ń pè ní jaji a máa kó obìnrin wá láti ìletò. Wọn a kọ́ ewì sórí, wọn a sì padà lọ kọ́ àwọn tí ó wà nílé. Fìlà tí a fi koríko hun, tí a fi aṣọ pupa wé, ni àmì oyè jaji.

Asma'u di olóògbé ní 1864. Isa, àbúrò rẹ̀, ń bá a lọ láti túmọ̀ àwọn ewì rẹ̀ láti èdè Fúlàní sí Hausa.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ń gbé ní ìdálẹ̀. Hausa tí Asma'u fi kọ́ ará ìlú kò gba èdè baba rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èdè Fúlàní kò kúrò nílé, Hausa sì ṣílẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn fún un.