Charles Mochet: Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yára ju ti gbogbo ayé lọ, ni wọ́n bá ní kì í ṣe kẹ̀kẹ́

Bí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì bíi ẹni tó wà nínú àga ìgbafẹ́, tó na ẹsẹ̀ síwájú, tó sì ń wa kẹ̀kẹ́ lọ lójú títì, ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò rò pé ó ń ṣeré ni. Ojú tí wọ́n fi wo iṣẹ́ Charles Mochet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nìyẹn, àfìgbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi àwọn àgbà sílẹ̀ sẹ́yìn lọ́dún 1933.

Ọdún 1880 ni wọ́n bí ọkùnrin yìí. Mọ́tò kéékèèké ló kọ́kọ́ ń ṣe tà ní Puteaux, nítòsí Paris. Nígbà tí Georges ọmọ rẹ̀ ní òun fẹ́ kẹ̀kẹ́, ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀rù ewu ń bà á. Kí ọmọ má bàa sunkún, bàbá ṣe ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń fi pẹ́dà wà fún un. Àfi bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gun kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́! Kò pẹ́ tí àwọn àgbà náà fi ń wá tiwọn rà. Vélocar ni Mochet pè é.

Ṣùgbọ́n onítáyà mẹ́rin kò rọrùn láti fi eré yí kọ́nà. Bó ṣe gé e di onítáyà méjì nìyẹn, tí ìjókòó onífẹ̀yìntì sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà ni bí wọn yóò ṣe máa darí rẹ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn tì kò lè na ọwọ́ kan irin tó di táyà iwájú mú. Mochet gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sún mọ́ ẹni tó ń wà á, ó sì fi irin gígùn so ó mọ́ iwájú.

Kíkọ́ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ẹni tó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn tẹ́lẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ tá a mọ̀, èèyàn lè fi ìdí àti èjìká gbé ara rẹ̀ dúró. Níbi yìí, ẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́ ìjókòó, ọwọ́ nìkan ló kù. Ẹni tó bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, yóò máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ ni. Kó dẹ ọwọ́, kó wo iwájú, kó fi agbára tẹ pẹ́dà àkọ́kọ́. Bí eré bá ti dé, kẹ̀kẹ́ á dúró ṣinṣin.

Kí Mochet tó gbé e wọ ìdíje, ó ti béèrè lọ́wọ́ UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, bóyá òfin kankan lòdì sí i. Wọ́n ní kò sí. Ní July 7, 1933, Francis Faure, tí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nígbà náà, fi wákàtí kan wa kìlómítà 45.055 ní Paris. Láti ọdún 1914 ni Oscar Egg ti wà lókè pẹ̀lú kìlómítà 44.247. Atẹ́gùn kò rí ibi gidi kọlù lára ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, òun ni àṣírí rẹ̀.

Ní August ọdún yẹn kan náà, Maurice Richard fi kẹ̀kẹ́ gidi wa kìlómítà 44.777. Ta ni kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Richard ni wọ́n mú. Lọ́dún 1934, UCI ṣe òfin tuntun tó sọ bí pẹ́dà ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìjókòó mọ, ti Mochet sì bọ́ síta. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní agbára ẹsẹ̀ ló yẹ kó borí, kì í ṣe ọgbọ́n ẹni tó kan irin. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ díẹ̀, àmọ́ nígbà tí táyà onífẹ́fẹ́ kọ́kọ́ dé, ta ló lé e jáde?

Ọdún 1934 náà ni Mochet kú. Georges kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí ogun mú kí epo pẹtiróò wọ́n, onítáyà mẹ́rin bàbá rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ Faransé. Ṣáájú ìgbà náà, ní March 1939, ó ti fi ìbòrí bo kẹ̀kẹ́ onífẹ̀yìntì fún Faure, ẹni tó fi wákàtí kan wà á kọjá kìlómítà 50.